Ìtara kọ́ ló tán

Bí òbí kan nílé-Ifẹ̀ níbí bá ní òun ń kọ́ ọmọ òun nílé, wọ́n á ní, "Ẹ kú sùúrù o, èmi ò ní irú ìtara yẹn." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ìtara ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Tó bá ti wá rẹ ìyá ọmọ, tó ń jágbe mọ́ ọmọ nídìí tábìlì, ìtara ti tán nìyẹn, kó yáa wá iléèwé fi í sí.

Rárá o. Iléèwé tó gbé wọ pálọ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́jọ, wọ́n ti gbé ọmọ jókòó. Ó di aago méjì ọ̀sán kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. (Àwọn kan tiẹ̀ ń wọ yunifọ́ọ̀mù fún un!) Ṣùgbọ́n nínú wákàtí mẹ́fà yẹn níléèwé, tíṣà á pe orúkọ, á la ìjà, á dúró de ọgbọ̀n ọmọ kí wọ́n da iṣẹ́ ojú pátákó kọ tán. Ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó ti ìyá rẹ̀ ò nílò ìkankan níbẹ̀. Fún ọmọ ọdún méje, wákàtí méjì tó. Ẹni tó bá na iṣẹ́ wákàtí méjì di mẹ́fà, áńgẹ́lì ni ì bá jẹ́, á rẹ̀ ẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń fi Yorùbá báni ṣàwàdà látàárọ̀, tó bá dìdí ìwé, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara ṣàlàyé ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ níbí gan-an ni wọ́n ti dán èyí wò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ níwèé láti ìwé kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kẹrin, wọn ò rẹ̀yìn rárá, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe lè rí: ìyá kan ní Modákẹ́kẹ́ ń ta gààrí, ọmọ rẹ̀ ló ń gbowó. Oníbàárà ra gààrí N700, ó na N1,000. Ọmọ náà ò wo ìyá rẹ̀. Ó fi ìka kà á láti orí méje: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, ó fa ọgọ́rùn-ún náírà mẹ́ta yọ. Lálẹ́, ìyá ní kó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ṣe é. Kò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ, kò sì sẹ́ni tó jágbe.

Ọjọ́ tí kò bá sì wù yín rárá, ẹ pa ìwé dé. Ṣebí iléèwé náà ń gba ọlidé.

Wọ́n á ní ìdánwò ńkọ́? WAEC ń ṣe tàwọn tí kò sí níléèwé lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún méje ò tíì débẹ̀.