Oyè Wà, Iṣẹ́ Ńkọ́?

Ó tún ṣẹlẹ̀! Ọmọ gboyè ìṣirò owó, ó délé ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n ní kó ṣètò ìwé owó ṣọ́ọ̀bù kan, ó yanu sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an? Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí lẹ sọ ọ́ dà? Ẹ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ ra ìrẹsì láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lu òǹtẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó parí! Ṣé ìrẹsì rírà ló wá kọ́ ni? NUC, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì, fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò, ENT 211 àti ENT 312, sínú ẹ̀kọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ òwò í dá. Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, àkọsórí lẹ tún sọ ọ́ dì. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ta ló wá gbé oògùn náà pamọ́ fún àwọn ọmọ Òkun? Ẹ dá mi lóhùn!