Àtúnṣe: Dídúró nísàlẹ̀ kọ́ ló ń gba òmùwẹ̀ là

Ohùn kan ń káàkiri lórí WhatsApp wa ní Àjàṣẹ́: pé kí ẹni tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ òkun kọ́kọ́ dúró ní ìdajì ọ̀nà bó bá ń gòkè bọ̀, pé bí ìdúró ṣe jìn tó ni ààbò ṣe tó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Richard Pyle, onímọ̀ nípa ẹja, ló sọ àṣà náà di olókìkí. Ó máa ń dúró nísàlẹ̀ láti tú afẹ́fẹ́ inú àwọn ẹja tó mú, ó wá rí i pé kì í rẹ òun púpọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àkíyèsí gidi ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà dán an wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2011. Nǹkan bíi mítà 52 ni wọ́n lọ, iye ìṣẹ́jú ìgòkè kan náà ni fún gbogbo wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gòkè ní àìsàn òmùwẹ̀, èyí tí gáàsì tó ń di ìtàkùùtè nínú ara ń fà, ju àwọn tó dúró nítòsí òkè lọ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú náítírójìn (gáàsì inú afẹ́fẹ́ tí òmùwẹ̀ ń mí, tó ń wọ ara lábẹ́ omi) sílẹ̀ níbẹ̀, ẹran ara tó ń gbà á díẹ̀díẹ̀ ṣì ń mu ún.

Ìdúró ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5, tí òmùwẹ̀ ń ṣe kó tó yọ lójú omi, ò sí lára ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ máa ṣe é.