Òróró àmọ́ńdì kì í dènà ilà ikùn aboyún

Bí ikùn aboyún bá ti ń yọ, ìmọ̀ràn kan náà ló máa ń gbọ́ lẹ́nu tẹbí tọ̀rẹ́: "Ra òróró àmọ́ńdì, máa fi pa á láàárọ̀ lálẹ́, ilà kankan ò ní yọ níbẹ̀." Ara a máa dán lóòótọ́. Àmọ́ ilà ń yọ.

Abẹ́ awọ ni ilà yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Awọ tín-ín-rín tí a ń fọwọ́ kàn wà lókè. Èyí tó nípọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí fọ́nrán kọ́lájìn àti ẹlásítììnì ti ń di ara mú. Ibẹ̀ ló ń ya bí ikùn ṣe ń fẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún ni òróró dúró sí.

Ní 2012, àwọn olùwádìí kan ní Tọ́kì pín aboyún 141 tó ń retí àkọ́bí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan fi òróró àmọ́ńdì kíkorò ra ikùn fún ìṣẹ́jú 15, àwọn kan kàn fi pa á lásán, àwọn yòókù ò fi nǹkan kan pa á. Ilà yọ lára ìdá 20 nínú 100 àwọn tó fi ra ikùn, nǹkan bí 39 àwọn tó fi pa á lásán, àti 41 àwọn tí kò lo nǹkan kan. Ẹ fi 39 wé 41. Bí nǹkan kan bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ tó ń ra ikùn ni, kì í ṣe òróró. Lọ́dún yẹn kan náà, Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, gbé ìwádìí 6 lórí ìpara aboyún yẹ̀ wò, obìnrin 800 lápapọ̀. Wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró pé ọ̀kankan ń dènà ilà.

Ohun tí òróró àmọ́ńdì mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ lára. Nítorí náà, bí ẹ bá wẹ̀ tán tí ara ṣì tutù, kó tó pé ìṣẹ́jú 3, ni kí ẹ fi pa á. Ṣíbí tíì kan tó ikùn àti itan. Ikùn tó ń yún torí pé ó gbẹ yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún aboyún, pàápàá lóru, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí ó lè jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀.

Ẹ ka ara igo kí ẹ tó sanwó. *Prunus Amygdalus Dulcis Oil* ló yẹ kó ṣáájú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ *Paraffinum Liquidum* ló ṣáájú, òróró tí wọ́n yọ láti ara epo rọ̀bì ni. Kò burú fún ara, àmọ́ ẹ má san owó àmọ́ńdì lé e. Ojúlówó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn, èyí tó ń ta sánsán ní lọ́fínńdà nínú. Igi fúrúùtù àdúgbò wa, tí àwọn kan ń pè ní àmọ́ńdì, igi mìíràn ni.

Ẹni tí àmọ́ńdì jíjẹ kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fi òróró rẹ̀ pa ara. Ẹ tọ́jú igo síbi tí oòrùn ò dé. Bó bá ti ń rùn bí ẹ̀pà àtijọ́, ẹ dà á nù.