Ata rodo kì í kó títa ran gírín pẹ́pà

Ní Súrùlérè tí mò ń gbé, kò sí ẹni tí yóò wọ yàrá mi, tí yóò rí ike gírín pẹ́pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ata rodo lójú fèrèsé, tí kò ní sọ pé kí n tètè yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ata rodo má baà kó títa ran ìkejì rẹ̀. Àǹtí mi, tí wọ́n ti ta ata ní Mile 12 fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn gan-an. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà.

Èèpo ata, ẹran ara rẹ̀, àti awọ funfun tí hóró rọ̀ mọ́ nínú rẹ̀, ti igi tí ó so ó ni gbogbo wọn. Hóró nìkan ni ó ń pín nínú ohun tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó mìíràn gbé wá. Inú awọ funfun yẹn gan-an ni capsaicin, èròjà tí ń mú ata ta, ti ń jáde, ara rẹ̀ ni ó sì ti ń ràn mọ́ hóró tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi. Nínú gírín pẹ́pà, jíìnì tí ó yẹ kí ó pèsè èròjà náà kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n títa ata tí Wilbur Scoville gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1912, nígbà tí ata rodo lè lé ní 100,000.

Mo dán an wò. Kí òdòdó gírín pẹ́pà kan tó là, mo fi ẹ̀mú kékeré já àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ru lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ kúrò, mo fi ti ata rodo kùn ún lórí, mo sì so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kí n má baà ṣì í mú. Nígbà tí èso náà pọ́n, mo fi ọ̀bẹ tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ là á, mo fi ahọ́n kan awọ funfun náà. Omi dídùn ni mo bá níbẹ̀. Àǹtí mi fúnra wọn jẹ ìdajì rẹ̀ láìbéèrè omi.

Síbẹ̀, àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kò purọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ṣì túmọ̀. Bí a bá gbin hóró inú irú èso bẹ́ẹ̀, igi tí yóò hù lè so ata tí ń ta, nítorí pé títa a máa borí àìta nínú àdàlù. Ẹni tí ó tọ́jú hóró èṣí yóò wá di ẹ̀bi náà ru ata rodo tí ó wà nítòsí lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú hóró, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òdòdó kí ó tó là, kí ẹ sì máa rọra mi ẹ̀ka rẹ̀, torí pé akọ àti abo wà nínú òdòdó ata kan ṣoṣo, kò sì sí oyin nínú yàrá.

Ike mi méjèèjì ṣì wà lójú fèrèsé kan náà. Bí mo bá ní láti gbé gírín pẹ́pà kúrò níbẹ̀, ooru ọ̀sán Èkó tí ó ń mú òdòdó rẹ̀ rẹ̀ dànù ni yóò fà á.