Apá kọ́ ló ń gbéni dìde lórí sìkíì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ kọ fáwọn ọmọ Ìwòpin tó ń kọ́ sìkíì orí omi, ìyẹn pákó tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi máa fi okùn fà wọ́n lọ, pé kí wọ́n fa okùn náà mọ́ àyà bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ká apá, okùn á dẹ̀. Bó bá tún le lójijì, á já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá nínà tọ̀ọ̀ ni, eékún mọ́ àyà, kí ṣóńṣó iwájú sìkíì yọ lójú omi. Ẹ má tètè na eékún o! Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé yín. Okùn mítà 23 náà ló dáa fún akẹ́kọ̀ọ́, mítà 18.25 tẹ́ ẹ dárúkọ, tàwọn tó ń díje ni.