Orúkọ iwájú ẹ̀rọ kọ́ la fi ń wá páàtì

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tí ò bá gbà kó sọ tiẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ oníná àtijọ́, ì báà ṣe ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, ì báà ṣe heat press tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára aṣọ, tó ń béèrè káàkiri pé ta ló ní páàtì ẹ̀rọ lágbájá, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé, òun náà á ní ó parí nìyẹn, ló bá gbé ẹ̀rọ tó ṣì le koko fáwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ṣé ẹ rò pé ilé iṣẹ́ yẹn ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ni? Wọ́n ra thermostat tó ń ṣọ́ ìgbóná lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n ra rélè tó ń tan iná tó sì ń pa á lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n kó wọn sínú àpótí irin, wọ́n wá lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó wà lára páàtì gangan ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìdọ̀tí ara ẹ̀, fọ́ọ̀tì ẹ̀, áḿpù ẹ̀, gbogbo ẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó já wáyà kankan o!

Ẹ́límẹ́ǹtì tó ń mú ooru wá làwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù, bẹ́ẹ̀ wáyà tí wọ́n ká lásán ni, nichrome tàbí Kanthal, irú irin tó ń gba ooru, ló sábà máa ń jẹ́, àwọn tó ń ká a tà sì ṣì wà. Ẹ fi fọ́ọ̀tì lọ́po ara ẹ̀, ẹ fi wáàtì pín in, iye óòmù ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 2,300 wáàtì lórí iná 230, bíi 23 óòmù ni mítà máa kà. Ti gígùn ẹ̀, ojú ihò tó ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má fa ti àtijọ́ yẹn nà, torí Kanthal tó ti gbóná rí kì í gba títẹ̀ mọ́, á kán sí yín lọ́wọ́ ni. Ẹ má sì ra ti 120 fọ́ọ̀tì fún iná 240 torí pé ó wọlé wẹ́kú o, ìlọ́po mẹ́rin agbára ẹ̀ ló máa gbé, kò sì ní pẹ́ jó.

Thermocouple, ìyẹn wáyà méjì tó ń wọn bí inú ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, ló ń dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú ti Amẹ́ríkà, wáyà pupa ni nẹ́gẹ́tíìfù, ẹni tó ti mọ pupa sí pọ́sítíìfù láti ọjọ́ yìí á kàn fi kọ́ra ni, ààrò á máa gbóná, nọ́ńbà ojú ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á ṣáà rò pé inú òun tutù, á máa fi iná kún iná. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tètè pa á.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù tó ń darí ìgbóná ló kú, ẹ má wulẹ̀ wá irú ẹ̀ kiri. Ẹ ra PID, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí ìgbóná, tó wà lọ́jà, tó bá irú thermocouple yín mu, kẹ́ ẹ fi SSR sí i, ìyẹn rélè tí nǹkan kan kì í mì nínú ẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn ti ba ẹ̀rọ jẹ́, pé kì í ṣe ojúlówó mọ́. Ojúlówó wo? Ìgbóná lẹ fẹ́ àbí ìtàn? Ohun tí mo máa kìlọ̀ ni pé tí SSR bá bàjẹ́, ó sábà máa ń di sí títàn ni, kì í kú, torí náà ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn tó lè já iná wà lẹ́yìn ẹ̀. Thermal fuse náà ńkọ́, fíúùsì tó ń já tí ooru bá pọ̀ jù, ẹ má fi wáyà fò ó láé, ẹ má sì fi òjé jó o mọ́ ibẹ̀, ooru yẹn gan-an á já a kó tó ṣiṣẹ́, ẹ fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà (crimp) ni.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ni tí ohun tó yí inú ẹ̀ ká bá jẹ́ asbestos, òkúta onífọ́nrán tí wọ́n fi ń dènà ooru láyé àtijọ́. Eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí páàtì téèyàn ń wá torí ìyẹn jàre.