Ẹ kó gbogbo ìwé sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ò wá ṣètò bá a ṣe máa rí i

Ta ló sọ fáwọn ọ̀gá wa pé téèyàn bá ti ra skánà àti áàpù, wàhálà ìwé ti tán nìyẹn? Inú ń bí mi o, ó ń bí mi gan-an. Wọ́n ní a ò lo bébà mọ́, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ máa wà, ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi gan-an fẹ́ ẹ, torí mo mọ ìyà tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fi jẹ wá, ká máa tú fáìlì látàárọ̀ dalẹ́ nítorí risíìtì kan ṣoṣo. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbé dé yìí, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ.

Kò sẹ́ni tó jókòó sọ pé báyìí la ó ṣe máa sọ fáìlì lórúkọ. Wọ́n kàn já páálí ìwé sílẹ̀, ó yá, ẹ skáànù ẹ̀. Ẹnì kan ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà, ẹnì kan ń kọ déètì, ẹlòmíì ò kọ nǹkan kan rárá, bí skánà ṣe sọ ọ́ náà ló fi í sílẹ̀. Ẹ ṣí fóòdà wa wò: "scan0047", "scan0047 (1)", "final", "final tuntun", "final tí ọ̀gá fọwọ́ sí". Kí lèèyàn fẹ́ fìyẹn wá? Mo sọ ọ́ sọ ọ́ ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé ẹ jẹ́ ká fi ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, ká tó kọ ọjọ́, bíi 2024-03-15, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n tẹ̀ léra, wọn ò dá mi lóhùn.

Ti OCR, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ka ọ̀rọ̀ inú ìwé tá a bá skáànù, ló wá dùn mí jù. Ìwé tẹ́ ẹ bá skáànù láìṣe OCR, fọ́tò lásán ni, kọ̀ǹpútà ò mọ ọ̀rọ̀ kankan tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n pa OCR yẹn torí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n tún fa skánà wálẹ̀ sí 100 dpi (dpi ni iye àmì tí skánà ń kà nínú íǹṣì kan, bó bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe máa ń mọ́ tó) kí fáìlì má baà wúwo, bẹ́ẹ̀ 300 dpi ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò kí OCR lè ka lẹ́tà dáadáa. Kọ́sítọ́mà wà lórí fóònù, ó ń dúró, mo tẹ orúkọ ẹ̀, áàpù ní òun ò rí nǹkan kan. Ìwé yẹn sì wà níbẹ̀ o, ọwọ́ mi ni mo fi skáànù ẹ̀! Ni mo bá tún ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin yẹn ń pariwo sí mi létí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni risíìtì onírọ́ọ̀lù yẹn, èyí tó jẹ́ ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀wé sára ẹ̀, tó máa ń ṣá, àwọn ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ skáànù kó tó funfun tán, wọ́n ní ká tẹ̀ lé bí páálí ṣe tò.

Bébà tí wọ́n ní a ò lò mọ́ ńkọ́? Wọ́n á tẹ ìwé jáde látinú kọ̀ǹpútà, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á ní ká tún lọ skáànù ẹ̀ padà, ká tún wá fi bébà yẹn sínú fáìlì "bóyá a ṣì máa nílò ẹ̀". Iṣẹ́ di méjì, owó oṣù ò yí padà. Páásíwọ̀ọ̀dù kan náà ni gbogbo wa sì ń lò, tẹ́nì kan bá pa fáìlì rẹ́, ta lẹ fẹ́ mú?

Ẹ dá skánà yẹn dúró ná. Ẹ kọ bá a ṣe máa sọ fáìlì lórúkọ sílẹ̀, ẹ tan OCR, ẹ fún kálukú ní páásíwọ̀ọ̀dù tiẹ̀. Tẹ́ ò bá tíì ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má pè mí pé ínfọ́ìsì dà.